Kọ́kọ́rọ́ Ṣọ́ọ̀bù Ṣì Wà Lọ́wọ́ Mi

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín tìfẹ́tìfẹ́, mo sì gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá yín nínú ìlera ara àti ìbàlẹ̀ ọkàn. Bí ẹ bá ń béèrè tiwa, a dúpẹ́. Ẹsẹ̀ Màmá tó wú ti ń lọ sílẹ̀, wọ́n ti ń dá gun àtẹ̀gùn, wọ́n sì ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í bá gbogbo ilé wí. Èmi náà ṣì wà ní ilé ìfọṣọ, mo ṣì ń lẹ nọ́ńbà mọ́ aṣọ oníbàárà, ẹnikẹ́ni kò sì tíì gbé ṣòkòtò ẹlòmíràn lọ lọ́wọ́ mi.

Mo rí ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́ pé kí n fún Bùọ̀dá Oníkámẹ́rà ní kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ yín, kó lè máa ya fọ́tò ní iwájú rẹ̀ títí ẹ óò fi parí ẹ̀kọ́ yín lọ́hùn-ún. Mi ò tíì fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ẹ má sì tíì pè mí. Bí mo bá sọ ọ́ lórí fóònù, ẹ óò já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu mi kí n tó dé ìdajì, ẹ sì mọ̀ pé tí wọ́n bá ti já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu èmi, ó tán nìyẹn. Mo mọ̀ pé ọkọ àfẹ́sọ́nà yín ni. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n rọra jókòó kọ ọ́.

Ẹ ó rántí gẹ́ẹ̀mù tó wà lórí kọ̀ǹpútà onígbàjámọ̀ ìsàlẹ̀ ilé wa, èyí tí olúkúlùkù ń di ọba ayé àtijọ́, tó ń tẹ ìlú dó, tó ń kó ogun jọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi, tí kò bá sí irun tó fẹ́ gé, àwa mẹ́ta la máa ń ta á: òun, èmi àti Bùọ̀dá. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà, nítorí náà tó bá ti kan ẹnì kan, àwọn méjì yòókù á kọjú sí ògiri. Onígbàjámọ̀ tilẹ̀ máa ń fi tówẹ̀lì bo dígí ńlá tó wà níwájú àga rẹ̀. Bùọ̀dá fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ kan, ó ní, "Àbí dígí náà ti di amí ni?" Onígbàjámọ̀ ní, "Dígí kọ́, ojú ẹ ni mò ń bò."

Onígbàjámọ̀ mú ọba ajagun tí gbogbo ọmọ ogun rẹ̀ ń gẹṣin. Bùọ̀dá mú ọba oníṣòwò. Èmi mú ọbabìnrin kan tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ mú, torí ogun rẹ̀ kò tó nǹkan. Àdéhùn ni agbára tirẹ̀. Bó bá ti bá ọba mìíràn dọ̀rẹ́, oko rẹ̀ á máa so sí i, ìlú rẹ̀ á máa gbòòrò. Bí àdéhùn náà bá sì ṣe ń pẹ́ sí i ni èrè rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá rí, òun náà ń rí i. Ohun tí òun rí, ọ̀rẹ́ ń rí i. Ọmọ ogun ọ̀rẹ́ sì lè wọ ilẹ̀ rẹ̀ láìkanlẹ̀kùn. Ó bá mi lára mu. Ẹni tí kò lè jà gbọ́dọ̀ mọ irú ẹni tó ń bá rìn.

Kò pẹ́ tí a bẹ̀rẹ̀ tí onígbàjámọ̀ fi sọ fún mi ní gbangba pé, "Ìyá Dákẹ́, ìwọ ni mò ń bọ̀ wá ká mọ́lé o. Ìlú etí odò yẹn wù mí." Bùọ̀dá ti gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Má dá a lóhùn jàre, àbúrò ìyàwó mi. Èmi àti ẹ la jọ wà." A ṣe àdéhùn. N ò ní purọ́ mọ́ ọn, mo jẹ èrè rẹ̀, ìlú mi sì ga. Nígbà tó yá, ó ní òun ń fi ẹ̀ṣọ́ ránṣẹ́ sí olú ìlú mi nítorí àwọn ẹlẹ́ṣin. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ni pé ìlà oòrùn ni ilẹ̀ onígbàjámọ̀ wà, ṣùgbọ́n ìwọ̀ oòrùn, lẹ́yìnkùlé mi, ni àwọn ẹ̀ṣọ́ náà dúró sí. Nígbà tó kàn mí, tí àwọn yòókù kọjú sí ògiri, mo fi máòsì tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kí n lè mọ ohun tí wọ́n jẹ́. Wọn kì í ṣe tafàtafà, wọn kì í ṣe ajagun tó ń gbé ọ̀kọ̀. Ẹ̀rọ onígi tí wọ́n fi ń ju òkúta lu odi ni gbogbo wọn. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rọ tí ń fọ́ odi kì í ṣọ́ ilé. Kò lè lé ẹlẹ́ṣin kan ṣoṣo. Iṣẹ́ kan péré ló mọ̀, odi kan péré ló sì wà nítòsí rẹ̀, odi tèmi.

Mo bi í léèrè pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. Ó ní ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n lóòótọ́, bóyá n ò mọ gẹ́ẹ̀mù náà tó ni. Mo ní mo ti ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ wọn. Ó ní họ́wù, wọ́n kàn ń kọjá lọ bá onígbàjámọ̀ jà ni. Mo ní ọ̀nà ibẹ̀ kò gba ibí. Ló bá rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀bùn ni òun fẹ́ fi wọ́n ṣe fún mi, mo kàn ba ìyàlẹ́nu náà jẹ́ ni. Onígbàjámọ̀ kọ ojú kúrò lára ògiri, ó ní, "Oníkámẹ́rà, ìlú Ìyá Dákẹ́ lo fẹ́ gbà. Sọ pé o fẹ́ gbà á, ká máa tayò lọ." Bùọ̀dá fọwọ́ sàyà. "Èmi? Ìlú àbúrò ìyàwó mi?" Ó sì búra. Lórí gẹ́ẹ̀mù, ó búra.

Ẹ má ṣe rò pé torí pé ó fẹ́ gba ìlú mi ni ara fi ń fu mí. Gbígba ìlú ni wọ́n ń fi gẹ́ẹ̀mù náà ṣe. Onígbàjámọ̀ fẹ́ gbà á, ó sì wí bẹ́ẹ̀, mo sì ń bá a ṣeré dòní. Ohun tí n kò lè gbé mì ni irọ́ mẹ́ta lórí ohun tí òtítọ́ ibẹ̀ kò lè pa á lára. Ká ní ó sọ pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, ọwọ́ tẹ̀ mí," gbogbo wa á rẹ́rìn-ín. Ṣé bí ìkòkò kò bá gbóná, kí ló dé tí ẹni tó dì í mú fi ń jó?

Nígbà tí ọjọ́ àdéhùn èmi àti Bùọ̀dá pé, kọ̀ǹpútà béèrè bóyá kí a tún un ṣe. Mo tẹ̀ "rárá". Mo wá yíjú sí onígbàjámọ̀ pé kó bá mi ṣe àdéhùn. Ó họ irùngbọ̀n, ó ní, "Mo gbà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó bá parí, ẹnu ibodè ẹ ni wàá ti bá mi." Mo tẹ̀ "bẹ́ẹ̀ ni" kíákíá. Nígbà tó tún kan Bùọ̀dá, ẹ̀rọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ju òkúta lu odi mi. Àwọn ẹlẹ́ṣin onígbàjámọ̀ ló wá tú wọn ká. Bùọ̀dá kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Ẹni tó bá fẹ́ràn èèyàn kì í yẹ ẹrù rẹ̀ wò."

Lọ́jọ́ kejì, ó wá bá mi ní ilé ìfọṣọ, kò lọ sílé níbi tí Màmá wà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n ẹ ti fọwọ́ sí i. Kí ló wá dé tí ò ń ṣe bí ọlọ́pàá?" Mo rò ó, mo sì sọ fún un pé màá máa ṣí iwájú ṣọ́ọ̀bù fún un kí n tó lọ síbi iṣẹ́, màá sì máa wá tì í nígbà tí mo bá ń bọ̀, ṣùgbọ́n yàrá inú, níbi tí ẹ̀rọ tí ẹ fi òógùn yín rà wà, pẹ̀lú aṣọ àwọn èèyàn tí ẹ ti gé tí ẹ kò tíì rán, yóò wà ní títì títí ẹ óò fi dé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú, kò burú rárá. Ó gbé báàgì rẹ̀. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà ló yíjú padà: "Kọ́kọ́rọ́ yàrá inú yẹn, ṣé ẹyọ kan ṣoṣo ló wà ni?"

Mo lẹ nọ́ńbà mọ́ aṣọ tó kàn. Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí iwájú ló ní òun fẹ́ lò.

Kò tíì mú nǹkan kan, mi ò sì pè é lólè. Ó lè jẹ́ ojú tèmi ló ń rí ohun tí kò sí. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ, ẹ̀yin lẹ sì fẹ́ bá a gbélé. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀ yín. Ẹ bi í ní ohun tó fẹ́ fi yàrá inú ṣe. Ẹ jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀, kí ẹ tún bi í. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ẹ tún bi í lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ìdáhùn rẹ̀ bá jẹ́ ọ̀kan náà, kódà kó jẹ́ ìdáhùn tí kò dùn-ún gbọ́, ọwọ́ ara mi ni màá fi gbé kọ́kọ́rọ́ méjèèjì fún un, màá sì tọrọ àforíjì. Bó bá jẹ́ mẹ́ta, a jẹ́ pé ẹ ti gbọ́ ohun tí mo gbọ́.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ̀kọ́ yín yọrí sí rere. Abẹ́rẹ́ kò ní gún yín lọ́wọ́, ojú kò ní tì yín lórí ohun tí ẹ fi ọkàn yín yàn. Ẹ óò bá wa láyọ̀.

Èmi ni àbúrò yín tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tó sì fẹ́ràn yín.

Ọ̀rọ̀ tó kù: Màmá kò mọ̀ pé mo kọ èyí. Tí wọ́n bá gbọ́, wọ́n á ní Bùọ̀dá mọ èèyàn kí dáadáa, wọn kò sì parọ́. Onígbàjámọ̀ ní kí n kí yín. Àdéhùn tiwa náà ń parí ní ọjọ́ ìsinmi tó ń bọ̀. Ó ti ní kí n yáa tún odi mi ṣe.