Ta Ni Yóò Sùn Lọ́dọ̀ Àwọn Ọmọ

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta

Àǹtí kó àwòrán ọkọ̀ ojú omi wálé lánàá. Ọkọ̀ funfun, ó ga ju ilé ìfowópamọ́ lọ, fèrèsé rẹ̀ kò lóǹkà. Ó tẹ́ gbogbo ẹ̀ sórí tábìlì tí mo ti ń lọ aṣọ, lórí ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà. Mo ní kó kó wọn kúrò. Ó ní, "Màmá, ẹ kọ́kọ́ wò ó ná."

Gbogbo wa ni yóò kó lọ sórí òkun fún ọ̀sẹ̀ kan. Òun ló fẹ́ ṣe é fún wa. Ó dáa.

Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí, kí ìwé yìí má baà rò pé mo ní àbúrò. Àǹtí kì í ṣe àǹtí ẹnì kankan. Ọmọ bíbí inú mi ni, ọ̀kan ṣoṣo tí mo bí. Ó fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀ fún mi, ó bá iṣẹ́ lọ sí ìlú òkèèrè. Èyí tó kéré jù kò tíì hu eyín. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, èmi ni wọ́n pè ní Màmá. Tó bá wá kí wa, wọ́n á ní Àǹtí ti dé. Ó mọ́ ọn lára, ó sì mọ́ èmi náà lẹ́nu. Oṣù kẹsàn-án tó kọjá ló padà wálé pátápátá. Yàrá iwájú ló ń gbé.

Ọwọ́ mi kì í yá lórí ìwé. Kò kan ẹnikẹ́ni, kò sẹ́ni tí yóò kà á.

Ó ní ìdí tí òun fi fẹ́ ká lọ ni pé, "kí èmi àtàwọn ọmọ mi lè mọ ara wa dáadáa."

Àwọn ọmọ mi. Ó sọ ọ́ báyìí, ó sì ń mu tíì mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Àwọn ọmọ ta?

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Ó ti yé mi wàyí. Kì í ṣe yàrá lásán ló fẹ́ gbà nínú ọkọ̀ náà, súìtì ni. Yàrá tó ní pálọ̀ tirẹ̀, balùwẹ̀ tirẹ̀, bákónì tí èèyàn lè jókòó sí kó máa wo omi. Méjì ló fẹ́ gbà. Wọ́n kọjú síra, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló wà láàárín. Ńlá kan, kékeré kan. Ńlá gba èèyàn mẹ́rin, kékeré gba méjì.

Mo bi í pé ta ni yóò sùn níbo, bí ẹni tí kò ka ọ̀rọ̀ sí. Ó ní òun àtàwọn ọmọ nínú ńlá. Èmi nìkan nínú kékeré. "Kẹ́ ẹ lè rí ìsinmi, Màmá. Kí ariwo wọn má baà yọ yín lẹ́nu."

Ariwo. Ogún ọdún rèé tí mo ti ń gbọ́ ariwo náà. Ariwo ikọ́, ariwo ìjà, ariwo ẹni tó lálàá tó ń fi orúkọ mi ké. Ó wá di ohun tí wọ́n fẹ́ gbà mí lọ́wọ́ ẹ̀.

Mo ní rárá. Èmi àtàwọn ọmọ nínú ńlá, òun nínú kékeré. Òun ló ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, òun ni ìsinmi tọ́ sí.

Ó rẹ́rìn-ín. N kò fẹ́ràn ẹ̀rín yẹn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Ó ti gba ibòmíì yọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru mi ló kàn. Ó ní òkun lè má bá mi lára mu, bóyá kí n kúkú dúró sílé, òun á wá ẹni tí yóò máa wò mí.

Ẹni tí yóò máa wo èmi.

Mo wọ bàtà, mo fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà ní kò séwu, kí n má ṣáà gbàgbé oògùn mi, kí n sì máa di ọwọ́ àtẹ̀gùn mú. Mo ní kó pe Àǹtí lórí fóònù, lójú mi, kó sọ ọ́ fún un. Ó pè é. N kò kúrò lórí àga títí ó fi sọ ọ́ tán.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo bi àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àkọ́bí, Onífíríìjì ni mò ń pè é nítorí iṣẹ́ tó ń ṣe, ó ti dojú bolẹ̀ sẹ́yìn fíríìjì aládùúgbò, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mo rí. Mo ní ṣé ọ̀dọ̀ mi lo máa sùn nínú ọkọ̀? Ẹsẹ̀ náà ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá." Nọ́ọ̀sì, èkejì wọn, ń ki irun rẹ̀ bọ abẹ́ fìlà iṣẹ́, ó ti pẹ́. "Bẹ́ẹ̀ ni mà." Àbígbẹ̀yìn, ọmọ ogún ọdún tó ṣì ń jí ìrọ̀rí mi gbé, dì mọ́ mi lọ́rùn. Ó ní, níbo làwọn tún fẹ́ sùn?

Mẹ́ta nínú mẹ́ta. Kí Àǹtí lọ máa bá bákónì sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Àbígbẹ̀yìn ní tí èèyàn bá wà nínú súìtì, ọkùnrin kan wà tó máa ń wá tú ẹrù rẹ̀, á to aṣọ rẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù, títí kan ti abẹ́. Mo ní ti abẹ́ ta? Kó fọwọ́ kan báàgì mi ná, ká rí i.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

A lọ sọ́dọ̀ ọmọbìnrin tó ń báni ṣètò ìrìn àjò. Onítíkẹ́ẹ̀tì ni mo sọ ọ́. Ọ́fíìsì tó tutù rinrin, òdòdó rọ́bà lórí tábìlì, àga tó ń yí. Mo di etí tábìlì mú kí tèmi má baà gbé mi yí.

Ó ń wo kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ní ta ló máa wà nínú súìtì ńlá. Àwa méjèèjì ló dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: èmi àtàwọn ọmọ.

Ó wo Àǹtí, ó wò mí. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọmọ ta ni wọ́n gan-an?" Kò ní nǹkan burúkú lọ́kàn, ó kàn fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà ni. Mo tún di etí tábìlì mú.

Inú takisí ni Àǹtí ti wá sọ ọ́ pé òun ti bi àwọn ọmọ léèrè, gbogbo wọn ló gbà pé ọ̀dọ̀ òun làwọn máa sùn. Mo ní irọ́ ni. Ó ní òun kì í purọ́. Mo ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ọ̀kan tán báyìí. Awakọ̀ yí rédíò rẹ̀ sókè.

Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni Onítíkẹ́ẹ̀tì fẹ́ gbọ́ ibi tí kálukú máa sùn. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ó lè fi àwọn súìtì náà fún ẹlòmíì.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

N kò bá Àǹtí sọ̀rọ̀. Òun náà kò bá mi sọ̀rọ̀. Àbígbẹ̀yìn ló ń gba iyọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan fún ẹnì kejì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mò ń lọ aṣọ tí àwọn ọmọ máa wọ̀ nínú ọkọ̀. Ìrìn àjò ṣì kù ju oṣù kan lọ, mo mọ̀. Mo fẹ́ kí Àǹtí rí i pé èmi ni mò ń lọ̀ ọ́ ni.

Ó wọlé. Ó ní, "Ẹ gba àwọn ọmọ mi lọ́wọ́ mi." Kò pariwo. Mo ní n kò já ẹnikẹ́ni gbà, ìwọ lo gbé wọn lé mi lọ́wọ́. Ó ní òun ń ṣiṣẹ́ ni. Mo ní kí lèmi ń ṣe, ṣé mò ń jó ni? Ó ní lánàá òun bu tíì fún Àbígbẹ̀yìn, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ òun bí ìgbà téèyàn ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó fún un ní ṣéńjì ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ṣeun, Àǹtí. Ó ní ṣé mo mọ bó ṣe ń rí lára?

N kò mọ̀ ọ́n. Wọn kì í dúpẹ́ tíì lọ́wọ́ tèmi. Wọ́n kàn ń mu ún ni.

N kò sọ ìyẹn fún un. Mo ní kó sún, ó dí ìmọ́lẹ̀ mọ́ mi. Nígbà tó jáde ni mo rí i pé apá ṣẹ́ẹ̀tì kan náà ni mo ti ń lọ̀ bọ̀, ó ti ń rùn bí ohun tó fẹ́ jóná.

Síbẹ̀ n kò sún kúrò níbi tí mo wà. Súìtì ńlá ni tèmi.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo tún bi wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn nígbà tí Àǹtí ń bi wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ká wá jókòó sí pálọ̀, èmi àti Àǹtí. Nọ́ọ̀sì ló sọ̀rọ̀, ohùn tó fi ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀ ló lò. Ó ní ká má bínú. Ó ní àwọn kò mọ bí àwọn ṣe lè sọ pé rárá fún ẹnikẹ́ni nínú wa. "Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa, Màmá. Ẹ ní a ò gbọ́dọ̀ wo ojú àgbà ká sọ pé rárá." Torí náà wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ ni fún mi, wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ ni fún Àǹtí wọn. Wọ́n rò pé ó máa rẹ ọ̀kan nínú wa tó bá yá. Wọn kò tíì mọ̀ wá nìyẹn.

Súìtì ńlá náà, àwọn mẹ́ta ló fẹ́ ẹ. Àwọn nìkan. Kí èmi àti Àǹtí gba kékeré.

Ó ní Onífíríìjì ti rí iṣẹ́ sí ìlú mìíràn, tí a bá ti ti òkun dé ló ń lọ. N kò gbọ́ rárá tẹ́lẹ̀. Òun Nọ́ọ̀sì náà ti rí yàrá tó sún mọ́ ilé ìwòsàn. Ọ̀sẹ̀ orí òkun yẹn ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa sùn pa pọ̀ kẹ́yìn. Wọ́n fẹ́ ta káàdì títí, wọ́n fẹ́ sùn nígbà tó bá wù wọ́n, láìsí ẹni tó ń béèrè bóyá wọ́n ti wẹ̀. Àbígbẹ̀yìn ló fi ti wíwẹ̀ yẹn kún un. Èmi ló ń bá wí. Ọmọ tó ń jí ìrọ̀rí mi gbé.

Mo bínú. Mo sọ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀: ta ló fọ ìdí yín, ta ló jókòó tì yín nígbà tí ara yín ń gbóná, ta ló ń sá tẹ̀ lé ọkọ̀ ilé ẹ̀kọ́ nítorí bàtà tí ẹ gbàgbé. Mo ní n kò lọ mọ́. Àǹtí ní òun náà kò lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí ọ̀rọ̀ wa bára mu látìgbà tó ti dé.

Onífíríìjì wo ilẹ̀. Ó ní, "Ó dáa, mà. Àwa máa lọ ní tiwa."

Kò bẹ̀ mí.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

N kò lọ. Ó ti parí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Mo bá Àǹtí ní kíṣìnnì láàárọ̀, ó ń fọ abọ́ tí kò dọ̀tí. Kò yíjú. Ó ní ṣé mo gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, pé ká gba kékeré. Mo ní mo gbọ́. Ó ní súìtì tí òun fúnra òun wá kiri. Mo ní ọmọ tí èmi fúnra mi wẹ̀. Ó ní Nọ́ọ̀sì tún ń fi ohùn ilé ìwòsàn bá wa sọ̀rọ̀. Mo ní ó kù díẹ̀ kó ní ká la ẹnu ká gbé oògùn mì.

Ó bú sẹ́rìn-ín. Omi ọṣẹ ta sí i lójú, ó ń fi apá nù ún, kò sì dáwọ́ ẹ̀rín dúró. Nígbà tó yá n kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ṣì ni. Mo na aṣọ ìnuwọ́ sí i.

"Wọn ò fẹ́ wa, Màmá."

Mo ní kí ló kàn mí níbẹ̀? Ṣé wọ́n fẹ́ mi nígbà tí mò ń gé èékánná wọn? Ọkọ̀ náà kì í ṣe tiwọn. Kò sí ọmọ tó máa pín yàrá fún mi kí n wá tìtorí ẹ̀ jókòó sílé máa wo ògiri. Mò ń lọ. Ìwọ náà ń lọ. Ká jọ jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn súìtì kékeré yẹn, ká máa wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń kọjá.

Fóònù rẹ̀ dún. Onítíkẹ́ẹ̀tì ni. Ó tẹ̀ ẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ sókè, torí ọwọ́ rẹ̀ ṣì tutù. Àǹtí ní ńlá fún àwọn ọmọ mẹ́ta, kékeré fún òun àti màmá òun.

Onítíkẹ́ẹ̀tì ní ó dáa, ó ku ẹyọ ìbéèrè kan. Bẹ́ẹ̀dì ńlá kan ló wà nínú kékeré náà, àmọ́ wọ́n lè là á sí méjì, kí kálukú ní tirẹ̀. Èwo la fẹ́?

Àǹtí wò mí. Ó ń fọwọ́ yí aṣọ ìnuwọ́. Kó tó bí Onífíríìjì ló ti sùn tì mí kẹ́yìn.

Mo sún mọ́ fóònù. Mo ní kí wọ́n má la nǹkan kan. Kí wọ́n fi í sílẹ̀ ní odidi, kí wọ́n sì tì í mọ́ ògiri lápá kan.

Onítíkẹ́ẹ̀tì ní kí ló dé tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ mọ́ ògiri, mà?

Mo ní ọmọ mi máa ń já bọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ló máa ń sùn.

Àǹtí ní, "Màmá, mo ti pé ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́ta."

Mo ní mo gbọ́.