Ìṣẹ́jú Mẹ́rin Lẹ́yìn Aago Méjìlá

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin,

Mo kí yín, mo kí ọkọ yín àtàwọn ọmọ. Orúnkún Màmá ti fúyẹ́, wọ́n ti ń dá gun àtẹ̀gùn.

Kí ẹ má baà gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, ẹ gbọ́ tẹnu tèmi náà. Àbúrò wa káfíńtà fẹ́ gba iṣẹ́ tábìlì ilé ìwé ní ọ́fíìsì wa ní ìjọba ìlú. Aago méjìlá géérégé la máa ń ti àpótí tí àwọn tó fẹ́ gba iṣẹ́ ń ju ìwé iye owó wọn sí. Ìṣẹ́jú mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀ ló sáré dé. Mo dá àpòòwé rẹ̀ padà láìtú u.

Ó ní, “Ṣé a kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà ni?”

Mo ní, “Torí ẹ̀ gan-an ni.”

Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ látìgbà náà. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ayọ̀ la ó fi ríra o. Tí ẹ bá sì fẹ́ fi nǹkan ránṣẹ́ sí i, ẹ jọ̀ọ́, aago ọwọ́ ni.

Àbúrò yín.