A Ti Tọ́ Oúnjẹ Páálí Rẹ Wò ní Bẹ́yẹrunkà

Agbo-ilé Èjìdé,
Bẹ́yẹrunkà, Ìbàdàn.
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì àsálátù.

Mutmainnah Àjíkẹ́, ọmọ mi,

Àsàlámù àléékúmù. Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ṣé omi àti iná Èkó kò yọ ọ́ lẹ́nu? Kí Ọlọ́run Ọba má jẹ̀ẹ́ kí a gbọ́ ìró burúkú nípa ara wa, kí ó má jẹ̀ẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ gbé ọ dé ibi tí orí rẹ kò bá ọ dé, àmín. Àwa tí a wà nílé, àlàáfíà la wà, a kò ṣàìsàn, a kò ṣòfò, nǹkan kan kò sì ṣe èmi pàápàá. Mo fẹ́ kí o ka gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn lẹ́ẹ̀mejì kí o tó máa bá ìwé lọ, nítorí òun gan-an ló mú mi gbé bírò.

Mo mọ̀ pé wàá béèrè ohun tó dé tí mo fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Fóònù wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo ti kíyè sí i pé ìgbàkígbà tí mo bá sọ ohun tí kò wù ọ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì a bàjẹ́. Bí mo bá ń dúpẹ́, ohùn mi a dé ọ̀dọ̀ rẹ ketekete, bí mo bá ní n kò gbà, wàá ní Màmá, n kò gbọ́ yín mọ́. Mo fi ọ̀rọ̀ náà lọ ẹni tó ń ta káàdì ní Bẹẹrẹ, ó ní kò sí káàdì tó lè tún irú rẹ̀ ṣe. Ìwé kò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Jókòó kí o kà á.

Ilé dára. Ògiri ẹ̀yìn tó wó lójò tó kọjá, wọ́n ti mọ ọ́n padà. Bushrah, ìyàwó Muhydeen ọmọ àbúrò bàbá rẹ, ti padà sẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rẹ̀ ní Yemetu, ọmọ tó bí sanra, ariwo rẹ̀ sì pọ̀. Bàbá Fàsásì, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ tí í ṣe àgbà ilé wa, ní kí n kí ọ. Eyín tó kù lẹ́nu wọn kò ju mẹ́rin lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu wọn kò dín. Ọjà òwú mi náà ń lọ bó ṣe ń lọ. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo lọ kó òwú ìránṣọ àti bọ́tìnnì ní Gbági, èmi nìkan ni mo sì gbé ẹrù mi wọ mọ́tò, n kò bẹ ẹnikẹ́ni. Bí o bá rí ẹni tó ń ṣàìsàn ní Bẹ́yẹrunkà, jọ̀ọ́ sọ fún mi, n óò lọ kí i.

Fọ́tò ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Muhydeen ló yà mí níbi ìsọmọlórúkọ ọmọ rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí ọ, lo bá rí eegun ọrùn mi, lo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún lórí fóònù. O kò bi mí pé ọjọ́ wo ni wọ́n yà á. Ọjọ́ náà gan-an ni mo parí ààwẹ̀ mẹ́fà tó máa ń tẹ̀lé ti Ramadan. Ojú ẹni tó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́rìndínlógójì kò lè jọ ojú ẹni tó ti ń jẹ ìrẹsì láti àárọ̀. Eegun ọrùn yẹn sì nìyí, ìyá mi ni mo jogún rẹ̀ lọ́wọ́ wọn, ìwọ náà ní in, lọ wo dígí.

O wá ní ebi ń pa mí. O fi páálí oúnjẹ ránṣẹ́, o ní purotíìn báà ni wọ́n ń pè é, pé kí n máa jẹ ọ̀kan láràárọ̀, kí n sì sọ fún ọ bó ṣe dùn sí. O ní bí páálí náà bá ti tán, wàá fi mọ́tò ránṣẹ́ wá gbé mi wá sí Lẹ́kí, kí n ti ṣọ́ọ̀bù pa, kí n má padà mọ́. O sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò yóò rọ̀ lọ́la. N óò dá ọ lóhùn lórí ìyẹn, ṣùgbọ́n oúnjẹ lo ní kí n jábọ̀ rẹ̀, n óò kọ́kọ́ jábọ̀ oúnjẹ, kí ó má di pé mo ti kórìíra rẹ̀ láti ilẹ̀.

Ọlọ́kadà ló gbé e dé. Ó ń béèrè nọ́ńbà ilé, mo ní a kì í fi nọ́ńbà wá wa, ilé Èjìdé ni kó máa béèrè. Ó ní kí n fi ìka kọ orúkọ mi sórí gíláàsì fóònù òun. Mo kọ ọ́, ó jọ ibi tí adìẹ ti tan ilẹ̀, mo ní kó nù ún kí n tún un kọ, ó ní bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí, kò burú. Mo ní ó burú, orúkọ mi ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ ọ́ kí àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀ tó pé, n kò sì jẹ́ kó gbéra kó tó pé. Ó ti ń làágùn nígbà tó máa fi lọ.

Méjìlá ló wà nínú páálí, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀rá tirẹ̀, bí àwọn tó ń bá ara wọn jà. Wọ́n ya ọkùnrin kan sára ọ̀rá náà tí kò wọ ẹ̀wù, iṣan rẹ̀ dìde, ó di ẹ̀ṣẹ́. Mo bi Bushrah pé kí ló bí i nínú, ó ní inú kò bí i, ó jẹ ẹ́ ni. Mo yí i sẹ́yìn, mo rí i pé wọ́n kọ ilà sí i, dúdú gbọọrọ, òmíràn tín-ín-rín, òmíràn fẹ̀. Ìyẹn wù mí. Mo ní ó kúkú ní ìdílé, àwọn tó ṣe é kò fẹ́ kó sọnù. Bàbá Fàsásì gbé e súnmọ́ ojú, wọ́n ní kì í ṣe àbàjà, kì í ṣe gọ̀ǹbọ́, kò sì jọ pélé, àwọn kò mọ ìlú tó ń kọ irú rẹ̀. Bushrah ní ẹ̀rọ ló ń ka ilà náà ní súpámákẹ́ẹ̀tì, tí yóò fi mọ ẹni tó jẹ́ àti ibi tó ti wá. Bàbá ní kí ni àwọn ti ń sọ bọ̀, kí ni wọ́n ń kọ ilà fún tẹ́lẹ̀.

Bushrah tún ka ọjọ́ tí kò ní ṣeé jẹ mọ́, ó ní ó di oṣù kọkànlá ọdún tó ń bọ̀. Mo rọra gbé e kalẹ̀. Àkàrà tí mo bá rà láàárọ̀ kì í dé ìrọ̀lẹ́ kó tó bínú, èyí sì fọkàn balẹ̀ títí di ẹ̀yìn iléyá ọdún mìíràn. Mo bi í pé kí wá ni purotíìn yìí, ó ní òun ló wà nínú ẹ̀wà, nínú ẹ̀gúsí, nínú ẹja àti ẹyin. Mo ní ṣé gbogbo èyí tí à ń jẹ nílé yìí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti yọ ọ́ jáde níbẹ̀, wọ́n sì dì í. Ìyẹn ni pé ẹnì kan jókòó, ó yọ ẹ̀wà kúrò lára ẹ̀wà, ó wá ta ìyókù fún ọmọ mi.

O mọ àṣà ilé wa, ohun tó bá wọlé nínú páálí kì í ṣe ti ẹnì kan. Bí a bá ṣe àsálátù tán láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ẹni tí nǹkan wọlé fún a gbé e jáde, áfà a ṣàdúà sí i, a ó sì pín in. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe lánàá. Mo kó mẹ́ta sórí àwo fún ẹni mọ́kànlá, mo ní kí n máa gé e. Ọ̀bẹ kọ̀. Muhydeen lọ mú ọ̀bẹ tó fi ń pa àgbò iléyá wá, ìyẹn wọlé, kò jáde mọ́. A fà á títí a fi rí i yọ. Áfà ṣe àdúà tó gùn fún ọ, wọ́n ní kí Ọlọ́run bù sí ibi tó ti wá, gbogbo wa ṣe àmín, a sì jù ú sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo ilé dákẹ́. Ẹni tó bá rí wa á rò pé à ń ṣe àṣàrò, ẹnu wa ni kò ṣeé là.

Bó ṣe rí lẹ́nu nìyí, kọ ọ́ sílẹ̀ kí o fún àwọn tó tà á fún ọ. Ó kọ́kọ́ dùn bíi ṣokoléètì, o ó rò pé ọ̀rẹ́ ni. Bí o bá jẹ ẹ́ díẹ̀ sí i, adùn náà á fi ọ́ sílẹ̀, ìyẹ̀fun ni yóò kù, bí ìgbà tí èèyàn yanu níbi tí wọ́n ti ń gbálẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìkorò kan yóò wá yọjú bí oògùn ibà tí wọ́n fi ṣúgà bò. Yóò wá wọ àárín eyín, yóò jókòó síbẹ̀. Muhydeen ní kò burú, pé ó jọ dóńkúwá tí wọ́n gbàgbé sínú àpò ṣòkòtò. Bàbá Fàsásì lá tiwọn títí di ìrun Àlàásárì, wọ́n yọ ọ́ lẹ́nu kí wọ́n tó kírun, wọ́n gbé e sójú fèrèsé, nígbà tí wọ́n fi padà dé, eèrà kan kò dé ibẹ̀. Ewúrẹ́ jẹ ọ̀rá rẹ̀, ó gbóòórùn inú rẹ̀, ó sì kọjá lọ.

Kí o má baà ní n kò ràn án lọ́wọ́, mo gún ọ̀kan nínú odó láàárọ̀ yìí, mo pò ó mọ́ ògì gbígbóná. Ó léfòó. Mo fi ata àti iyọ̀ sí i, ó sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ata ni mo ń jẹ. Mo fún un ní máàkì mẹ́ta nínú mẹ́wàá, méjì fún ọ̀rá tó dán, ọ̀kan fún ilà. Bushrah mú méjì, ó ní ó wúlò fún ẹni tó ń fún ọmọ lọ́mú tí kò ráyè jẹun níbi iṣẹ́, n kò bá a jiyàn, ó kàwé jù mí lọ. Ìyókù wà nínú àpótí mi.

Àjíkẹ́, adùn kọ́ ni ìṣòro rẹ̀. Mo ti jẹ ohun tí kò dùn rí, mo sì rẹ́rìn-ín lé e lórí. Nígbà tí mo ń gé e tó ń lẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ ni mo rí i pé wọn kò ṣe é fún pípín rárá. Ẹnì kan ni wọ́n rò nígbà tí wọ́n ń ṣe é, ẹnì kan tó dá wà, tí kò sí ẹni tí yóò sọ fún pé wá jẹun. Mo wá rántí ohun tí o sọ lórí fóònù, pé Màmá, òun lèmi náà ń jẹ láràárọ̀ nínú mọ́tò. Àdúà ogójì bàbá rẹ lo wá kẹ́yìn, ó ti di ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin báyìí. Gbogbo àárọ̀ tó wà nínú ìyẹn, ìwọ nìkan, nínú mọ́tò, lo ń jẹ nǹkan yìí. Mo jókòó sórí àpótí ìdáná, mo sì sunkún, n kò ní purọ́ fún ọ. Bushrah rò pé eyín ló ń dùn mí.

Nítorí náà, èsì mi nìyí. N kò wá sí Lẹ́kí. Má fi mọ́tò ránṣẹ́. Bí o bá fi ránṣẹ́, a ó fún dírẹ́bà lóúnjẹ, a ó fún un lómi tútù, a ó sì ní kó máa lọ. Nílé yìí, kí n tó bọ́jú, ẹni mẹ́ta ti béèrè bí mo ṣe sùn. Bí mo bá pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Bẹẹrẹ, Bàbá Fàsásì á gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, wọn kò ní wọlé títí wọn yóò fi rí mi. Bàbá rẹ wà lẹ́yìn fèrèsé mi níbi tí a sin wọ́n sí, mo máa ń kí wọn láràárọ̀, n kò lè máa ti Èkó kí wọn. Ìwọ sọ fún mi fúnra rẹ pé o kò mọ orúkọ ẹni tó ń gbé lódìkejì ògiri rẹ. Bí mo bá ṣubú níbẹ̀ nígbà tí o wà níbi iṣẹ́, ta ni yóò gbọ́? O wo fọ́tò, o ní èmi ni ebi ń pa. Èmi jẹ páálí, mo sì mọ ẹni tí ebi ń pa nínú àwa méjèèjì.

Mo ní ẹ̀bẹ̀ owó, nítorí bí n kò bá tọrọ owó, wàá ní ẹlòmíràn ló kọ lẹ́tà yìí. Fi owó ẹ̀wà, owó epo àti owó ẹja panla ránṣẹ́, kí ó tó ogún èèyàn. Ọjọ́ Àìkú tó máa parí oṣù yìí, lẹ́yìn àsálátù, n óò se ẹ̀wà bí o ṣe fẹ́ràn rẹ̀, kí ó rọ̀, kí epo jókòó lórí rẹ̀. Má fi owó mọ́tò tèmi kún un. Owó mọ́tò yẹn, fi gbé ara rẹ wá sílé, kí o sì dé kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í bù. Bushrah ti gbá yàrá rẹ. Mo sọ fún un pé o kò tíì ní o ń bọ̀, ó ní òun ti gbá a ná.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ lọ, yóò ṣọ́ ọ bọ̀. Yóò gbé ọ ga lẹ́nu iṣẹ́ rẹ, ọ̀tá kò ní rí ẹ̀yìn rẹ. O kò ní rí oúnjẹ kí o má rí ẹni tí yóò bá ọ jẹ ẹ́. Ọwọ́ tìrẹ nìkan kò ní máa wọ abọ́. Àmín, àmín.

Èmi ni ìyá rẹ, Mojísọ́lá, tó wà nílé, tí kò lọ sí ibì kankan.