Bíréèkì Kọ́ Ló Já

                                        Ojúlé Kẹtàdínlógún,
                                        Ọ̀nà Ọ̀fàdà,
                                        Mowe, Ìpínlẹ̀ Ògùn.
                                        Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kọkànlá, ọdún 2025.

Gbémiga, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Báwo ni ilé? Báwo ni Ìyá Dáraolúwa àti àwọn ọmọ? Ṣé ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá ti wálẹ̀? Mo gbọ́ pé òjò tó rọ̀ lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn ya wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ ní Ifo. Ẹ kú àmójúkúrò o, Ọlọ́run á fi èyí tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ rọ́pò.

Mo mọ̀ pé o ń bínú sí mi. O pè mí títí, n kò gbé e. Kì í ṣe ìgbéraga, ó ti rẹ̀ mí ni. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí mo lè sọ lórí fóònù, kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa gé e sí wẹ́wẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀, tí mo sì fi rán Àbáyọ̀mí tó ń bọ̀ ní Ifo lọ́la.

O ti gbọ́ pé mo ní ìjàǹbá ọkọ̀ lẹ́bàá Ibafo lóṣù tó kọjá. Wọ́n á ti sọ fún ọ pé bíréèkì ló já. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Kí n tó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde lẹ́nu mi. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n, kò sí awakọ̀ tó máa gbá ìdí ọkọ̀ lójú ọ̀nà wa yìí tí kò ní sọ pé bíréèkì ló já. Tí a bá kó gbogbo bíréèkì tí wọ́n ní ó já ní òpópónà márosẹ̀ yìí jọ, ilé rẹ kò ní gbà á.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an nìyí. Láràárọ̀ ni mo máa ń fi ọkọ̀ mi gbé àwọn aládùúgbò lọ síbi iṣẹ́ ní Ikeja. Lọ́jọ́ náà, òjò ti rọ̀ ní ìdájí, ilẹ̀ ṣì tutù. Típà kan wà níwájú mi. Mo fi àyè gidi sílẹ̀ láàárín èmi àti òun, ni bọ́ọ̀sì kan bá já wọ ibẹ̀, ó sì sá kọjá lọ. Mo tún fi àyè sílẹ̀, òmíràn tún wọ̀ ọ́. Ni àwọn èrò mi bá bẹ̀rẹ̀: "Bọ̀dá Ṣàràfá, ẹ sún mọ́ ọn jàre! Wọ́n ń ṣáàǹsì yín!" Ẹnì kan tiẹ̀ bi mí pé ṣé ìyàwó tuntun ni mo gbé ni. Ojú tì mí. Mo tẹná mọ́ ọn, mo lẹ̀ mọ́ ìdí típà náà lórí eré àádọ́rùn-ún. Típà tẹ bíréèkì. Èmi náà tẹ tèmi, ṣùgbọ́n mo ti wà nídìí rẹ̀.

A dúpẹ́, ẹ̀mí kankan kò bọ́. Wòsílátù, aládùúgbò wa tó jókòó síwájú, ló kán lẹ́sẹ̀ ọ̀tún. Aránṣọ ni, ẹsẹ̀ yẹn ló fi ń tẹ máṣíìnì. Nígbà tí mo lọ kí i ní ilé ìwòsàn, òun àti ọkọ rẹ̀ ló tún ń tù mí nínú. Wọ́n ní àmúwá Ọlọ́run ni, kí n má da ara mi láàmú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo sì lọ sílé lọ jẹun.

Lọ́sẹ̀ kejì ni Mùsáfírù, mẹkáníìkì mi, pè mí. Ó ti tú ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà wò. Ó ní, "Alàájì, èwo lẹ ní ó já? Bíréèkì yín ò ṣe nǹkan kan. Ẹ ti sún mọ́ ọn jù ni." Ó ní lórí eré yẹn, kí ojú tó rí i, kí ẹsẹ̀ tó dé orí bíréèkì, kí ọkọ̀ tó wá dúró lórí ilẹ̀ tútù, mi ò ní lò dín ní ọgọ́rùn-ún ìgbésẹ̀. Mo rò pé àsọdùn ni. Nígbà tí mo délé, mo fẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n láti ẹnu géètì mi. Mo kọjá mọ́ṣáláṣí, mo kọjá ibi tí wọ́n ti ń rọ búlọ́ọ̀kù, mo dé iwájú Stella tó ń ta gáàsì kí ọgọ́rùn-ún náà tó pé. Ìgbésẹ̀ mẹ́wàá péré ni mo fi sílẹ̀ lẹ́yìn típà yẹn. Mo dúró bí ẹni tó sọnù, Stella ń bi mí pé kí ni mo fẹ́ rà.

Ǹ bá gbé e mì, Gbémiga, n kò ní tàn ọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó ṣáájú ìjàǹbá náà, Wòsílátù àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Ìyá Ikram tó ń gbé ní Magboro, ti jà lórí ẹni tí ìyá wọn yóò máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n fi ìbínú sọ pé, "Máa lọ, ojú ẹ á rí i!" Ilẹ̀ mọ́, bíréèkì tí kò ṣe nǹkan kan tẹ́lẹ̀ ṣàdédé já, ẹsẹ̀ kán. Kí lo fẹ́ kí èèyàn rò? Gbogbo ẹbí gbà pé ẹnu Ìyá Ikram ló jà. Wòsílátù ní kò gbọdọ̀ tẹ ẹnu ọ̀nà òun mọ́ láyé. Ìyá arúgbó ń sunkún láàárín àwọn méjèèjì, kò jẹun dáadáa mọ́. Irọ́ mi ló sì fà á.

Tòún ìyàwó mi ní kí n dákẹ́, pé ohun tó ti lọ ti lọ. Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Mo ní kí n kúkú lọ pàdé rẹ̀ lọ́nà.

Mo lọ sílé Wòsílátù ní Jímọ̀ tó kọjá. Mo dọ̀bálẹ̀ fún obìnrin tí mo fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jù lọ. Mo ní bíréèkì kọ́ ló já, mo sáré, mo sì lẹ̀ mọ́ típà; ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Wòsílátù mú fóònù, ó pe Ìyá Ikram, àwọn méjèèjì bú sẹ́kún. Ara mi fúyẹ́ díẹ̀. Mo wá bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí. Ó wò mí, ó ní, "Bọ̀dá Ṣàràfá, nígbà tó jẹ́ ti Ọlọ́run, mo gbà á. Tiyín yìí, mi ò tíì lè gbà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ ná."

Mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo ń fi àyè sílẹ̀, bọ́ọ̀sì ń wọ̀ ọ́, èrò ń pè mí ní ọ̀dẹ̀. Méjì ti bá ọlọ́kọ̀ mìíràn lọ. Ìwọ tí o fẹ́ràn àtimáa sáré lórí ọkọ̀ yìí, mo bẹ̀ ọ́, jẹ́ kí wọ́n máa pe ìwọ náà bẹ́ẹ̀.

Bá mi kí Màmá àti Ìyá Dáraolúwa. Tòún ní kí n kí yín. Òun ló ń gbé oúnjẹ lọ fún Wòsílátù ní ìrọ̀lẹ́, ìyẹn sì ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Èmi máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò tíì ní kí n wọlé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tó rẹ̀,

Ṣàràfá