Màmá Kò Jẹ́ Kí A Da Kọnkéré Sẹ́yìnkùlé

                                        Ilé Kẹjọ, Òpópónà Tuntun,
                                        Ogúnjọ́, Oṣù Kẹfà.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣé ikọ́ tó ń da àbígbẹ̀yìn rẹ láàmú ti fi í sílẹ̀? Ní tèmi, àìsàn ò ṣe mí, ó kàn rẹ̀ mí ni. Bí mo bá jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ níbi iṣẹ́ láti àárọ̀, tí mo délé, Màmá ni iṣẹ́ kejì.

Ìgbàgbé yẹn ti le sí i. "Nọ́ọ̀sì" ni wọ́n ń pè mí báyìí. Bí mo bá ṣíjú kúrò lára wọn pẹ́nrẹ́n, wọ́n á ti bọ́ sẹ́yìnkùlé láìwọ bàtà, wọ́n á jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nídìí koríko, wọ́n á sì gbé ẹrẹ̀ wọ yàrá. Bí mo ṣe ń nulẹ̀ ni mò ń fọṣọ. Nígbà tó sú mi, mo pe bíríkìlà kó wá fi kọnkéré bo ẹ̀yìnkùlé pátá, kí n lè sinmi.

Ó dé láàárọ̀ Sátidé. Màmá ti jókòó sáàárín ilẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n, mo fà wọ́n lọ́wọ́, wọn ò dìde. Bíríkìlà ní, "Àǹtí, mi ò kúkú lè da kọnkéré lé ìyá lórí." Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni àbí kí n sunkún. Mo bọ́ bàtà, mo jókòó tì wọ́n.

Ilẹ̀ náà tutù. Àwọn èèrà ń wọ́ ìyẹ́ labalábá kan lọ. Màmá fi ọwọ́ ẹlẹ́rẹ̀ gbá mi lórúnkún, wọ́n ní, "Wò ó, wọn ò kánjú." Wọ́n wá wo ojú mi títí. "Àkọ́bí mi, o mà ti rù o. Ta ló ń tọ́jú ìwọ?"

Mo ní kí bíríkìlà máa lọ.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, mo ti padà di nọ́ọ̀sì. Ẹrẹ̀ ṣì ń wọlé, ó sì ṣì ń rẹ̀ mí, mi ò ní purọ́ fún ẹ. Àmọ́ bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé báyìí, ẹ̀yìnkùlé ni mo kọ́kọ́ ń lọ. Àwa méjèèjì á jókòó síbẹ̀, atẹ́gùn á máa fẹ́ sí wa lára.

Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí, àbúrò mi. Bí o bá ráyè, wá. Má wulẹ̀ ra nǹkan kan dání, ṣáà wá bá wa jókòó. Màmá lè dá ọ mọ̀, wọ́n sì lè máà dá ọ mọ̀.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kó o sì bá mi gbá àwọn ọmọ mọ́ra.

                                        Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó ti rẹ̀,
                                        Àkọ́bí Màmá.