Rinrin Ìdí Ògiri

Ìgbògbò, Ọjọ́bọ̀, oṣù kẹfà, 2005

Ọkàn mi kò balẹ̀ lónìí. Èmi ni mo ní kí Bísí àti Kúnlé, àwọn ọmọ mi tí mò ń kọ́ nílé, tu ewéko inú àgbàlá tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, kí a fi kọ́ ẹ̀kọ́ òwúrọ̀. Gbogbo rinrin ìdí ògiri ni wọ́n tu.

Ìyá Onílé bá wa níbẹ̀ pẹ̀lú ife omi rẹ̀. Mo ti ń rò pé ó kàn ń da omi nù síbẹ̀ láràárọ̀ ni.

"Ibẹ̀ la sin ibi ọmọ mi Káyọ̀dé sí, lọ́jọ́ tí mo bí i."

Káyọ̀dé tó lọ sí Líbíà, tí ẹnikẹ́ni kò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Mà."

"Ìyá Bísí, ewé ni, á tún hù." Ṣùgbọ́n ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣà wọ́n jọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

A tún wọn gbìn. Bísí ti lẹ ẹyọ kan mọ́ ìwé rẹ̀, ó fẹ́ yọ ọ́. Ìyá Onílé ní kó fi í sílẹ̀, kó bá òun kọ orúkọ Káyọ̀dé sábẹ́ rẹ̀.

Mo ti máàkì ìwé wọn tán, àfi ojú ewé yẹn. Mi ò lè fi báírò pupa kàn án.