Ẹni Tó Ń Wá Sàréè Bàbá Mi

Sí ọmọ mi, Abéèrè-má-sinmi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara ọkọ rẹ le, ṣé àwọn ọmọ ń jẹun dáadáa? Ọlọ́run tó mú ọ dé ìlú ńlá kò ní jẹ́ kí ìlú ńlá gbé ọ mì. Wàá jáde ire, wàá wọlé ire, ẹsẹ̀ rẹ kò ní ṣì, lẹ́tà mi kò sì ní bá ọ nínú ẹkún. Tí o bá ń bèèrè wa, gbogbo wa wà. Orúnkún mi òsì ṣì ń dùn mí, ṣùgbọ́n ti ọ̀tún ti sinmi, mo rò pé ṣe ni wọ́n ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Maṣíìnì ìránṣọ mi ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi tí ẹ̀yin ọmọ ń pè ní Màmá Ẹ̀yìnkùlé kí ọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bọ̀ níwájú.

Mo mọ̀ pé wàá ní kí ló dé tí mi ò pè ọ́ lórí fóònù tí o rà fún mi. Mi ò fọkàn tán fóònù yẹn mọ́. Lọ́jọ́ kan ṣàdédé ló kọ ọ́ sójú ara rẹ̀ pé ṣé kí òun máa mọ ibi tí mo wà. Ọwọ́ mi ló wà nígbà tó ń bèèrè o! Mo tẹ rárá. Ohun tó wà lọ́wọ́ èèyàn tó tún ń wádìí ibi tí èèyàn wà, kì í ṣe ire ló ń wá. Àtọjọ́ náà ni mo ti gbé e sínú agolo tí mo ń kó bọ́tìnì sí, mo sì dé e pa. Tí o bá pè tí mi ò gbé e, mi ò bínú sí ọ, inú agolo ló wà.

Ọ̀rọ̀ obìnrin aláwò ojú tí o rán sí mi ló mú mi gbé bírò. Lóòótọ́ o ti sọ fún mi pé ẹnì kan tó máa ń wá ìtàn ìdílé nínú ìwé àtijọ́ ń bọ̀, pé ọmọ rẹ bi ọ́ pé níbo ni wọ́n sin bàbá màmá àgbà sí, o ò sì rí èsì fún un. Èmi náà ò ní èsì. Ohun tí ìyá wa sọ fún mi ni mo mọ̀, pé bàbá mi tó ń mọ bíríkì bá àwọn tó ń la ojú irin lọ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, pé ọ̀hún ló kú sí, ẹnikẹ́ni ò sì mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Mo ti gbà bẹ́ẹ̀ fún ohun tó lé ní ọgọ́ta ọdún.

Obìnrin náà dé, ó jókòó sórí àpótí tí àwọn oníbàárà mi máa ń jókòó sí, ó ṣí kọ̀ǹpútà lé itan, ohun tó sì kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde ni pé kí ni orúkọ ìdílé ìyá mi kó tó lọ́kọ. Ara mi bù máṣọ! Ṣé o rántí pé orúkọ yẹn gan-an ni akọ̀wé báńkì fi ṣe kọ́kọ́rọ́ owó mi, tó ní mi ò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni? Mo pa á mọ́ débi pé nígbà tí mo lọ gbowó tí akọ̀wé náà fúnra rẹ̀ bi mí, mo kọ̀ jálẹ̀, ọjọ́ kẹta ni mo tó rí owó mi gbà. Ni àjèjì wá ń bi mí lójú títì. Mo ní lọ́kàn mi pé ọwọ́ ti tẹ olè.

Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ dójú tì ọ́, mi ò lé e. Ìdílé káfíńtà tó wà lódìkejì ọ̀nà ni mo kà fún un bíi pé tèmi ni, ìyá rẹ̀, bàbá rẹ̀, dórí bàbá tó bí bàbá rẹ̀. Obìnrin náà ń tẹ̀ ẹ́ wọlé wéréwéré, ó ń yìn mí pé mo níyè nínú.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ló padà dé pẹ̀lú bébà gbọọrọ, ó dúró sí iwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ó ń kà á sókè. Àfi bí káfíńtà ṣe yọ, tó gbé ẹsẹ̀ àga lọ́wọ́, tó ń gbọ́ ìtàn bàbá bàbá rẹ̀ láti ẹnu ẹni tí kò mọ̀ rí. Èyí tó wá burú jù ni pé wọ́n ka ọjọ́ ìbí òun náà mọ́ ọn. Káfíńtà tó ní òun fi ọdún mẹ́rin jù mí lọ, èmi ni mo fi ọdún méjì jù ú! Ogójì ọdún ni mo ti fi ń sọ pé ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀gbọ́n. Ó gbé ẹsẹ̀ àga rẹ̀, ó lọ, láti ọjọ́ náà kò kí mi mọ́, bẹ́ẹ̀ tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ ṣì wà lọ́dọ̀ rẹ̀ tí mo ní kó bá mi tún ṣe.

Mo bá jẹ́wọ́. Obìnrin náà yọ awò rẹ̀, ó nù ún, kò rẹ́rìn-ín. Mo wá sọ orúkọ bàbá mi tòótọ́, ó sì ń pè é tẹ̀ lé mi kó lè kọ ọ́ dáadáa. Màmá Ẹ̀yìnkùlé ń fọ abọ́ nítòsí. Bó ṣe gbọ́ orúkọ yẹn, ó fi abọ́ sílẹ̀ nínú ọṣẹ, ó wọ yàrá lọ, kò jẹun títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo ní kí ló dé, ó ní orí ń fọ́ òun. Orí tó jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n dárúkọ òkú ló bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, ẹ̀fọ́rí yẹn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ni mo bá ń ṣọ́ ọ. Mò ń rí i tó ń ṣí àpótí aṣọ rẹ̀ tó ń pa á dé láì mú aṣọ kankan. Ọkàn mi sọ pé bàbá wa fi nǹkan sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi sì ti dá a jẹ. Ọjọ́ tó lọ wẹ̀ ni mo yọ́ wọlé. Nísàlẹ̀ pátápátá ni mo ti rí páànù róbótó kékeré kan tí wọ́n fi aṣọ funfun wé, wọ́n lu nọ́ńbà sí i lára, mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mo ní háà, nọ́ńbà àpótí tí wọ́n ń kó ohun iyebíye sí ní báńkì nìyí! Bí mo ṣe gbójú sókè, ẹ̀gbọ́n mi ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, omi ń kán lára rẹ̀. Mo bi í pé èló ni bàbá fi sílẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú omi lára, ó ní kì í ṣe owó, pé bàbá fúnra rẹ̀ ni.

Ọmọ mi, bàbá mi ò lọ síbi ojú irin kankan. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ló mú un. Ọsibítù àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ bíríkì ni wọ́n gbé e lọ, èyí tí mo máa ń gba ẹ̀gbẹ́ ògiri rẹ̀ kọjá tí mo bá ń lọ ra òwú. Ẹ̀rù ba ìyá wa pé tí wọ́n bá mọ̀, kò sẹ́ni tó máa fẹ́ ọmọ ilé wa, kò sẹ́ni tó máa yá wa ní iyọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ló ń gbé oúnjẹ lọ, ojú fèrèsé ni bàbá ti máa ń bá a sọ̀rọ̀. Ọjọ́ tí bàbá kú, wọ́n bèèrè ẹbí rẹ̀. Ìyá wa dúró lẹ́yìn géètì, ó ti kọ́ ọmọ ní ohun tó máa sọ. Ẹ̀gbọ́n mi wọlé, ó ní kò ní ẹbí, pé ọmọ àdúgbò lòun. Nọ́ọ̀sì kan wo ojú rẹ̀ títí, ó yọ páànù nọ́ńbà bàbá tó wà lára bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó fi sí i lọ́wọ́, ó sì pa ọwọ́ náà dé fún un.

Inú bí mi, mi ò ní purọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò bá a sọ̀rọ̀. Mo ń bi ara mi pé ẹni tó lè gbé èyí mì fún ọgọ́ta ọdún, kí ló tún wà nínú ikùn rẹ̀? Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹrin mo gbọ́ tó ń ké nínú yàrá bí ọmọdé, mo sì rántí pé ọmọdé náà kúkú ni nígbà yẹn.

Àwa méjèèjì àti obìnrin aláwò ojú la jọ lọ sí ọsibítù náà. Olùṣọ́ mú wa gba ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ. Àwọn irin kúkúrú ló tò sínú koríko lábẹ́ okùn ìsáṣọ, sàréè àwọn tí kò ní ẹbí nìyẹn, nọ́ńbà aláìsàn wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo bi olùṣọ́ pé ta ló sọ fún un pé wọn ò tíì pààrọ̀ àwọn irin náà. Ó ní òun kì í fi àdá kan koríko ibẹ̀, pé ọwọ́ lòun fi ń fà á tu, kí òun má baà gé irin ẹnikẹ́ni. Mo wo ọwọ́ rẹ̀. Mo gbà á gbọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kò bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó rìn tààrà lọ dúró ti mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì tútù ń fẹ́ lù wá lójú, a ò kúrò.

Ní ọ́fíìsì, wọ́n ṣí ìwé ńlá kan. Orúkọ bàbá wà níbẹ̀, wọ́n kọ iṣẹ́ rẹ̀ ní amọbíríkì, wọ́n sì kọ ọ́ sí iwájú ẹbí pé: kò sí. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí akọ̀wé tún un kà. Ó tún un kà. Ẹ̀gbọ́n mi ní kó fa igi lé e. Akọ̀wé ní wọn kì í kọ nǹkan sínú ìwé àtijọ́, àfi ká gba fọ́ọ̀mù àtúnṣe ní ìlú ńlá, kí àwọn ọmọ òkú fọwọ́ sí i, kí ọmọ-ọmọ kan sì mú káàdì ìdánimọ̀ wá.

Nítorí náà, ìwọ ni kí o wá, má rán ẹnikẹ́ni mọ́. Mú káàdì rẹ dání, kí o sì bá mi mú owó òkúta kékeré kan tí a máa rì sí ẹ̀gbẹ́ irin yẹn. Fi lé mi lọ́wọ́, má fi gba inú fóònù, mi ò mọ ẹni tó ń gbé inú rẹ̀.

Ọlọ́run á tọ́ ọ sọ́nà. Ilé rẹ kò ní dàrú, àwọn ọmọ rẹ á mọ ibi tí o wà, ìwọ náà á mọ ibi tí wọ́n wà, nílé àti lóko. Èmi ìyá rẹ ni.

Màmá Ẹ̀yìnkùlé jókòó tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí. Ó ní kí o bá òun gba fọ́ọ̀mù yẹn dání bí o bá ń bọ̀, kí o sì fi ìlà sílẹ̀ fún òun lókè pátápátá, ṣáájú orúkọ mi, nítorí òun ni àkọ́bí bàbá.